Báà Gígùn Tí Mo Tà fún Ọmọge Gẹdú

Kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni. Mo mọ̀ pé báà íńṣì mẹ́rìndínlógún ló yẹ ẹ̀rọ ìgégi obìnrin náà. Mo fo mẹ́rìndínlógún, mo fo méjìdínlógún, mo fo ogún, mo gbé mẹ́rìnlélógún lé e lọ́wọ́, mo sì fi ẹ̀rín lé e. Kì í ṣe àṣìṣe, kì í ṣe ogbó. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí lọ́jọ́ náà, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ló ń pè mí ní Ìyá Àgbà, eyín mẹ́ta péré ló sì ṣẹ́kù fún mi nísàlẹ̀ ẹnu. Síbẹ̀, owú tó gùn mí lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá gbé e ru ọmọge ogún ọdún, ọrùn rẹ̀ á wọlé.

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì rí mi. Èmi lẹ́ran láyà, mo lẹ́ran nídìí, mo tún lẹ́ran lábẹ́ àgbọ̀n, owú náà sì rí ibi jókòó sí nínú gbogbo rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù wa ò ju yàrá méjì lọ. Yàrá iwájú ni tèmi. Ibẹ̀ ni mo to àwọn báà sí lára ògiri, oníkálukú lórí ìṣó tirẹ̀, láti orí èyí tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù, bí ọmọ ilé ìwé tó tò láti wọ kíláàsì. Ṣéènì wà nínú páálí lábẹ́ wọn. Yàrá ẹ̀yìn ni ti ọkọ mi, tí mo ń pè ní Bàbá wọn. Fèrèsé kan ló wà níbẹ̀, tábìlì kan, fáìsì tó ń di ṣéènì mú gírígírí, àti aga tí ìdí rẹ̀ ti gbẹ́ sí bí abọ́. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan ló pín wa níyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ìkà mi ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹ́ńjìnnì ni ara ẹ̀rọ ìgégi. Báà ni irin pẹlẹbẹ tó yọ síwájú bí ahọ́n, ṣéènì eléyín sì ń sáré yí i po. Ẹni tó bá fẹ́ ra báà, igi ni kó kọ́kọ́ wọ̀n. Kí báà fi bí íńṣì méjì ju sísanra igi náà lọ, ó tó. Bó bá kúrú jù, wàá máa yí igi po bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Bó bá gùn jù, ẹ́ńjìnnì kékeré ò ní lágbára láti fà á, ṣéènì á máa wọ́, á máa gbóná, orí báà á sì máa lọ kan ohun tí o ò rí lódìkejì igi. Ibẹ̀ ni ikú wà. Bí orí báà bá kan nǹkan nígbà tó ń sáré, gbogbo ẹ̀rọ náà á ta padà sójú ẹni tó mú un.

A kì í sì í wọn báà láti ìdí dé orí. Ibi tó ti yọ jáde lára ẹ́ńjìnnì la ti ń wọ̀n ọ́n. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ má ka èyí tó wà lábẹ́ aṣọ mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló fi ìyẹn purọ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà á.

Eyín ṣéènì náà kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà tí igun eyín rẹ̀ mú ṣánṣán. Ìyẹn máa ń jẹ igi tó mọ́ bí ewúrẹ́ tó rí ewé tútù, ṣùgbọ́n iyanrìn díẹ̀ báyìí, kò mú mọ́. Èkejì, wọ́n ti pa igun eyín tirẹ̀. Kò yára, àmọ́ kò kọ ìdọ̀tí. Igi tí wọ́n bá wọ́ nílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, èyí ni kó o fi gé e. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn bí mo ṣe mọ ìdí àwọn ọmọ mi, torí èmi ni mo wẹ̀ ẹ́.

Ẹnu mi ló sì ń tajà ju ọwọ́ mi lọ. Mi ò lè rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín kí n gbé e mì. Ọjọ́ tí ṣòkòtò Bàbá wọn ya nídìí níbi tó ti tẹ̀ síwájú fáìsì, kí oòrùn tó dé àtàrí, gbogbo agégẹdú ló ti gbọ́. Ọjọ́ tí aga gbé e ṣubú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe eré bó ṣe ṣubú fún wọn, ẹ̀kẹta ni mo sì fi ìdí tèmi gbálẹ̀ gan-an. Ọkọ mi kì í bínú. Ó kàn máa ń fa kọ́tìnnì náà dé.

Ohun kan ṣoṣo ni ọkọ mi ò fi ṣeré, fáìlì rẹ̀ ni, irin róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń pọ́n eyín ṣéènì. "Fáìlì kan, ọwọ́ kan," ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ṣéènì kan ló gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, torí ọwọ́ méjì á gé eyín sí igun méjì, eyín ọ̀tún á ga, tòsì á kúrú, igi á sì máa wọ́. Láti ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti wà nílé rẹ̀, mo ti fọ ṣòkòtò rẹ̀, mo ti fá orí rẹ̀, mo ti bí ọmọ márùn-ún fún un. Fáìlì yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án rí.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ kí ọjọ́ báà yẹn tó dé, ọkùnrin kan tó ń ta igi ìdáná wọlé. Gbogbo-ẹ̀-ló-wọ́n là ń pè é, torí kò sí ọjà tó gbọ́ iye rẹ̀ rí tí kò kígbe.

"Ìyá Oníṣéènì," ó ní, "ṣéènì tí Bàbá pọ́n fún mi, wíwọ́ ló ń gé igi. Mo ní kó lọ tààrà, ó ní òun fẹ́ yà kí ẹnìkan."

"Bí ìwọ náà ṣe ń rìn nìyẹn," mo dá a lóhùn. "Ṣé ṣéènì ló máa wá tọ́ ẹ?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó mú ṣéènì rẹ̀, ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹlòmíràn mú irú ẹjọ́ kan náà wá. Ẹ̀kẹta dé. Mo ní kí wọ́n lọ wo ọwọ́ ara wọn, ọkọ mi kì í pọ́n ìpọ́nkúpọ̀n. Mo fi ẹ̀rín tì wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yìn wọn ni Ọmọge Gẹdú dé.

Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kì í ṣe ọmọge kankan. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó bí ọmọ mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rọ ìgégi kékeré kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń jẹun ní àgbàlá gẹdú tó wà nípẹ̀kun òpópónà wa. Akẹtẹ̀ bàbá náà ló ń dé. Ṣùgbọ́n obìnrin náà dára, kí n má purọ́. Apá rẹ̀ le bí apá ọkùnrin, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ tó jẹ́ pé o ní láti sún mọ́ ọn kó o tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohùn tó ń mú kí ọkùnrin sún mọ́ni, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ó gbé ṣéènì rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì mi, ó kúnlẹ̀ kí mi. Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí Bàbá?"

"Kí lo fẹ́ bá wọn sọ tí èmi ò lè gbọ́?"

"Ọ̀rọ̀ ṣéènì ni, Màmá."

Ó gbé kọ́tìnnì sókè, ó wọlé, ó sì jẹ́ kó bọ́ padà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ta báà méjì àti gírísì agolo kan kó tó jáde. Nígbà tó jáde, kò wo ojú mi. Mo pe ọkọ mi láti iwájú, mo ní kí ni obìnrin yẹn ń wá. Ó ní, "Ó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ṣéènì." Mo dúró kó rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó padà wá ní ọ̀la. Ó wá ní ọ̀tunla. Ó wá di pé ojoojúmọ́, bó bá ti gégi tán lọ́sàn-án, á fọ ọwọ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi wa, á kí mi, á wọ ẹ̀yìn lọ. Kí oṣù kan tó pé, mo gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ẹ̀rín yẹn, mo ti rò pé ó ti bá eyín iwájú rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín tó máa ń ti inú ikùn wá, tí ikọ́ máa ń tẹ̀ lé. Mo wà lórí ìdúró, mo ń ka eyín abẹ́ ṣéènì kan, tí a fi ń mọ gígùn rẹ̀, fún oníbàárà, mo ka á dé mẹ́rìnléláàádọ́ta, mo gbàgbé, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Ẹ wo ohun tí owú fi mí ṣe. Mo lọ ra tìróò. Èmi tí ìpéǹpéjú mi ti so rọ̀ bí àpò òfìfo. Mo lé tìróò, mo kun pọ́ńdà, mo ró ìró pupa tí mo ti dì pamọ́ láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi jáde ilé ìwé. Gbogbo-ẹ̀-ló-wọ́n rí mi láàárọ̀, ó ní, "Ìyá Oníṣéènì, ta ló lù yín lójú?" Mo gbé omi lọ fún ọkọ mi lẹ́yìn, mo dúró síwájú rẹ̀, mo tẹ̀ sí ọ̀tún, mo tẹ̀ sí òsì.

Ó gbé ojú sókè sí mi. Ó ní, "Ìyá wọn, ṣé òjò ti dá?"

Mo ní ó ti dá. Mo lọ fọ ojú mi.

Àfi kí n sọ gbogbo rẹ̀. Ihò kan wà lára kọ́tìnnì yẹn, kò sì tóbi tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fi ìka fẹ̀ ẹ́. Páálí ṣéènì tó wà nítòsí ibẹ̀, mo tò ó lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan, mo tú u ká, mo tún tò ó. Mo ń gbọ́ ohùn ọkọ mi: "Tì í síwájú. Má fà á bọ̀. Gbé e sókè kó o tó padà." Mo ń gbọ́ ti obìnrin náà: "Ṣé báyìí, Bàbá?" Nígbà tó di oṣù keje, mo wá fi ojú sí ihò náà.

Fáìlì wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Ọwọ́ ọkọ mi wà lórí ọwọ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹnu ló fi kan ẹnu rẹ̀ ni, mo rò pé ìbá sàn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ja ìyẹn. Ṣùgbọ́n fáìlì. Fáìlì kan, ọwọ́ kan. Ọdún mọ́kànlélógójì tí mo fi ń wo fáìlì yẹn láti ọ̀ọ́kán bí ohun tí wọ́n fi gíláàsì bò, obìnrin olóhùn jẹ́jẹ́ kan dé, ọwọ́ rẹ̀ wọ ibẹ̀ wẹ́rẹ́. Mo padà síwájú, mo jókòó. Ẹnìkan béèrè iye tí báà kan jẹ́, mo ní kò sí fún títà.

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta sí i, Ọmọge Gẹdú wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú báà àtijọ́ rẹ̀ lábẹ́ apá. Ojú ihò tí ṣéènì ń gbà kọjá lára rẹ̀ ti fẹ̀, ṣéènì ti ń mì nínú rẹ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ. Ó nílò tuntun. Ọkọ mi ti sùn lọ lórí aga rẹ̀ lẹ́yìn. Àwa méjì péré ló wà níwájú.

"Màmá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Èwo ló yẹ mí?"

Báà tó gbé kalẹ̀ náà, mẹ́rìndínlógún ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ láìmí hẹlẹ. Mo wo ògiri mi láti òkè délẹ̀.

"Obìnrin tó lágbára bí tìrẹ," mo ní, "kí lò ń fi báà ọmọdé ṣe? Gba èyí." Mo já mẹ́rìnlélógún kúrò lórí ìṣó.

Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ṣé ẹ́ńjìnnì mi á lè fà á, Màmá?"

"Ẹ́ńjìnnì dà bí ọkọ. Ẹrù tí o bá gbé rù ú, á mọ́ ọn lára."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo tún mú ṣéènì tó bá gígùn rẹ̀ mu, èyí tí igun eyín rẹ̀ mú ṣánṣán, mo fi lé e. Mo mọ̀ pé inú iyanrìn ni wọ́n ti ń wọ́ gbogbo gẹdú tó ń gé. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà dójú tì í níwájú àwọn ọkùnrin àgbàlá, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé kò mọ iṣẹ́, kó wá ibòmíràn gba ẹ̀kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi. Mi ò jẹ́ kí ọkàn mi rìn dé ibi tí orí báà á ti kan nǹkan.

Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣé, Màmá. Ó lọ.

Mo jókòó. Mo dìde. Mo nu tábìlì tí kò ní ìdọ̀tí. Láti ṣọ́ọ̀bù wa, a máa ń gbọ́ gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní àgbàlá gẹdú, mo sì mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ tirẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò dún bó ṣe máa ń dún. Ó ń kérora. Ó ń kérora bí ẹni tó gbé ìkòkò omi gun òkè. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, o ṣì lè lọ dá a dúró, ìwọ ìyá yìí. Ìdí mi lẹ̀ mọ́ aga.

Lẹ́yìn náà, ohùn náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Àwọn ẹ̀rọ yòókù náà dákẹ́ tẹ̀ lé e.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé òpópónà. Bàtà ọ̀tún jẹ́ tèmi, tòsì jẹ́ ti ọkọ mi. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo sáré kẹ́yìn, ọmú mi ń ṣáájú mi lọ, ìró mi ń tú, ọwọ́ kan ni mo fi dì í mú, ìkejì ni mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ lókè. Mo ní bí ó bá wà láàyè, kó gba ọkọ mi. Kó gba fáìlì. Kó gba aga náà kún un.

Àwọn ọkùnrin ti yí i ká. Mo là wọ́n kọjá. Ó jókòó sórí gẹdú kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì há àárín ẹsẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín ń rú lára báà. Akẹtẹ̀ wà nínú lẹ́búlẹ́bú igi, etí rẹ̀ kan ti já lọ pátápátá, ojú ibi tó ti já sì mọ́ bí ohun tí wọ́n fi abẹ gé.

"Níbo ló kàn ọ́?" Mo ń fọwọ́ wá orí rẹ̀, etí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa tòmátì.

"Akẹtẹ̀ ló kàn, Màmá. Ti bàbá mi ni. Ó ti gbó tẹ́lẹ̀."

Ọkùnrin kan ní orí báà ló lọ kan gẹdú mìíràn lẹ́yìn èyí tó ń gé. Ó ní ta ló fi báà bàbá-ńlá yìí sórí ẹ̀rọ ọmọdé? Mo ní kí gbogbo wọn padà sídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì lọ, torí ojú mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe ojú tí wọ́n ń bá ṣàwàdà.

Nígbà tó ku àwa méjì, ó di aṣọ mi mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá. Wọ́n á ní mi ò wọn igi. Mo máa wá lọ́sàn-án, ọwọ́ mi á ti dúró nígbà yẹn. Ṣéènì mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lónìí, bí mi ò bá wá, ta ló máa bá wọn pọ́n ọn?"

"Bá ta pọ́n kí ni?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọkọ mi ló ń pọ́n ṣéènì nínú ṣọ́ọ̀bù mi," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ ni fún mi. Sọ̀rọ̀."

Ó wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ débi pé mo ní láti kúnlẹ̀ kí n tó gbọ́. Ojú Bàbá ni. Ti òsì ti lọ pátápátá, ti ọ̀tún ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, kò rí eyín ṣéènì mọ́. Ṣéènì ti òun náà ń gé igi ní wíwọ́ lóṣù méje sẹ́yìn, òun sì wò ó fínnífínní, òun rí i pé eyín ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Kò fẹ́ sọ ọ́ níwájú àwọn oníbàárà. Ìdí nìyẹn tó fi wọ ẹ̀yìn tó sì jẹ́ kí kọ́tìnnì bọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti oṣù méje, òun ló ń pọ́n gbogbo ṣéènì tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bàbá á fi ọwọ́ tọ́ ọwọ́ rẹ̀ sí igun tó yẹ, á fi àtàǹpàkò kan eyín kọ̀ọ̀kan wò, á ní ó kù, tàbí ó tó.

Mo rántí gbogbo igi tó wọ́ tí mo fi ẹ̀rín tì síta. Mo rántí tìróò àti pọ́ńdà àti ìró pupa mi. Ṣé òjò ti dá? Àwọ̀ pupa tó dúró síwájú rẹ̀, kò rí i. Bóyá òjìji kan tó dúró láìsọ̀rọ̀ ló rí, tó sì wá ọ̀rọ̀ kan sọ sí i.

"Báà yìí," mo ní. "Mi ò ṣì í mú. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ó yí ojú sí mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́ ọ.

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ iṣẹ́ yín, Màmá. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbà á."

Ó gbé akẹtẹ̀ rẹ̀, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú kúrò lára rẹ̀. "Ẹ bá mi tún un ṣe. Gẹdú ṣì wà nílẹ̀."

Kò ní òun dárí jì mí. Mi ò sì béèrè. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú báà mẹ́rìndínlógún, mo mú ṣéènì tí wọ́n ti pa igun eyín rẹ̀, mo ka eyín abẹ́ rẹ̀ pé ọgọ́ta láìgbàgbé. Mo fi téèpù wọn gẹdú tó ń gé: íńṣì mẹ́tàlá. Mo de báà náà mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lórí eékún mi nínú iyanrìn, mo fa ṣéènì le níwọ̀n, mo fi ìka yí i kí n rí i pé ó ń lọ. Ó dúró lókè mi. Nígbà tó tan ẹ̀rọ náà, ohùn rẹ̀ ti padà.

Mo ní kó má wá lọ́sàn-án yẹn. Mo ní kó lọ sinmi.

Ọkọ mi ti jí. Ó ti de ṣéènì kan mọ́ fáìsì, ó jókòó tì í, ó ń dúró. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí obìnrin náà máa ń jókòó sí. Mo gbé kọ́tìnnì, mo wọlé.

"Ẹsẹ̀ yìí," ó ní, kò yíjú, "kì í ṣe ẹsẹ̀ tó máa ń wá síbí lásìkò yìí."

Mo jókòó sórí àpótí náà. Àpótí náà ké.

"Kí lò ń wá, Ìyá wọn?"

"Fáìlì."

"Fáìlì kan, ọwọ́ kan."

"Ó ti di ọwọ́ mẹ́ta, Bàbá wọn. Ẹ gbé e wá."

Ó ní, "Ó sọ fún ọ."

"Ẹnu rẹ̀ ló já bọ́. Ẹ má bá a wí, èmi ni mo fà á." Mo wá sọ ti báà fún un, gbogbo rẹ̀, mẹ́rìnlélógún, igun eyín, akẹtẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí fáìsì. "Ṣé ó fara pa?"

"Rárá."

"Lórí ẹ̀rọ kékeré yẹn?"

"Lórí ẹ̀rọ kékeré yẹn."

"Kí ló dé tí wàá ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo rí ọwọ́ yín lórí ọwọ́ rẹ̀."

Ẹ̀rín náà wá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ẹ̀rín tí mo ti ń jowú láti oṣù méje, ó gòkè dé ọ̀fun rẹ̀, ikọ́ tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé e mì padà.

"Oṣù méje," mo ní. "Èmi tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kí ló ṣe tó fi jẹ́ òun?"

"Ṣé o rántí ṣòkòtò mi tó ya?"

Ẹnu mi fẹ́ rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Mo fi eyín mẹ́ta mi dì í mú.

"Ta ni ò rántí rẹ̀?" ó ní. "Títí dòní, ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí á wọlé, á ní, 'Bàbá, ṣé ẹ ti rán an?' Mi ò bínú sí ìyẹn, ṣòkòtò ni. Ojú kì í ṣe ṣòkòtò. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ fún ọ, wàá sunkún. Ṣùgbọ́n bó o bá sunkún tán, wàá padà síwájú."

Ó na fáìlì sí mi. Mo gbà á. Kò wúwo tó bí mo ṣe rò. Ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi, ó bá a, ó gbé tirẹ̀ lé e.

"Tì í síwájú. Má fà á bọ̀."

Mo tì í. Ó fi àtàǹpàkò kan eyín náà. Ó ní ó kù lẹ́ẹ̀kan. Mo tún tì í. Ó ní ó tó. A bọ́ sórí ìkejì, a bọ́ sórí ìkẹta. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó sì ń run gírísì.

A wà lórí eyín karùn-ún nígbà tí ẹnìkan gbá tábìlì iwájú. Gbogbo-ẹ̀-ló-wọ́n ni.

"Ìyá Oníṣéènì," ó ń pè, "ṣé ẹ ti ta ara yín mọ́jà ni? Kí lẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn?"

Ọwọ́ ọkọ mi dúró lórí ọwọ́ mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo ní láti sún mọ́ ọn.

"Kí lo máa sọ fún un?"